Bí mo ṣe ń se awọ èpìyà fún kọ́lájìn

Ẹja aláìléegun ni mo máa ń dín fún àwọn alásè. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ra èpìyà, ológbò ilé wa ló sì ń jẹ awọ rẹ̀. Ìgbà tí àbúrò mi obìnrin fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ra ike ìyẹ̀fun kan, pé kọ́lájìn, èròjà tó ń di awọ ara mú, láti inú awọ ẹja ni, pé kò ní jẹ́ kí ojú òun tètè hunjọ, mo wo ike, mo wo ológbò.

Èpìyà tàbí àrọ̀ ni kí ẹ lò. Mo ti fi pańlá dán an wò: ẹja òkun tútù ni, omi rẹ̀ kì í fẹ́ dì.

Bó bá jẹ́ èpìyà, ẹ ha ìpẹ́ rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó bó awọ. Ẹ wá ìdajì kílò awọ, ẹ fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò, kí omi fi ìka méjì borí rẹ̀. Ẹ fi atalẹ̀ díẹ̀ sí i. Iná kékeré ni o. Èéhó kọ̀ọ̀kan ni kó máa yọ létí ìkòkò. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo koná mọ́ ọn, mo bá tèmi lọ. Omi náà dúdú, ọkọ mi sì ń bèèrè ohun tó kú sínú ilé.

Tó bá tó wákàtí kan, ẹ ti ìka bọ díẹ̀ tó ti tutù, kí ẹ lẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn. Bó bá ń lẹ̀ típẹ́típẹ́, ó ti tó. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e sínú fìríìjì mọ́jú. Láàárọ̀, á máa mì bí ẹ̀kọ tútù. Ẹ ha ọ̀rá orí rẹ̀ dànù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń jẹ ẹ́ mọ, èyí tó bá kù á wọ inú ike yìnyín. Ẹyọ méjì ni mo ń jù sínú ọbẹ̀ ata. Ẹ máa mu ọsàn pẹ̀lú, torí láìsí fítámì C, ara kò lè hun kọ́lájìn tirẹ̀. Ẹni tí ẹja bá ń gbòdì lára rẹ̀ kó má tọ́ ọ wò.

Ẹ má fi pa ojú! Kọ́lájìn tóbi ju ohun tí awọ ara lè fà wọlé. Àbúrò mi fi pa á, eṣinṣin ló kọ́kọ́ rí ẹwà rẹ̀.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Nínú ìwádìí, ìyẹ̀fun gíráàmù 2.5 sí 10 lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn, awọ àwọn kan sì rọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tà á ló sanwó ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí náà, wọ́n sì ti gé tiwọn kúnná ju tèmi lọ. Inú wa á tún gé e bó ṣe ń gé ẹran àti ẹyin, ara ló mọ ibi tó máa lò ó sí. Èmi kò lè búra.

Ohun tí mo lè búra lé lórí ni oòrùn, òun ló ń jẹ kọ́lájìn ojú jù. Ìpara abóra tó ní oògùn sítẹ́rọ́ìdì náà ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo gba ìpara náà lọ́wọ́ àbúrò mi, mo ra fìlà etí gbòòrò fún un. Iyọ̀ ló wà nínú ike kọ́lájìn rẹ̀ báyìí.