Bí mo ṣe kọ ìtàn ilé Òyìnbó tó wà lórí òkè ní Kàlàbá

Ojú ìwé kan péré ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa ní kí n kọ. A fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Kàlàbá, wọn yóò sì wo Old Residency, ilé àwọn aláṣẹ Òyìnbó ayé ìgbà kan tó ti di mùsíọ̀mù báyìí. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ bá wa kọ ìtàn ilé yẹn ní ṣókí, kí àwọn ọmọ má baà lọ ya fọ́tò lásán bọ̀." Mo rò pé iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí.

Ìwé kékeré kan tí mo ti rà lọ́wọ́ alátẹ tipẹ́ ló kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà. Ó ní Lugard ló kọ́ ilé náà. Mo ti ń dà á kọ lọ kí ó tó sọ sí mi lọ́kàn pé kí n fi ọdún wé ọdún. 1884 ni wọ́n gbé ilé yìí dúró. Lugard ńkọ́? 1894 ni Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an wá sí Borgu. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló wà láàárín wọn! A ti sọ Lugard di ẹni tó kọ́ gbogbo ilé àtijọ́ lórílẹ̀-èdè yìí.

Mo bá ya ìwé sí ọ̀nà mẹ́ta: ọdún, oyè, orúkọ. Ọ̀nà oyè yẹn ló là mí lójú. Mo ti kọ "Gómìnà Hewett" sílẹ̀, mo ní láti pa á rẹ́, nítorí kọ́ńsùlù ni Edward Hewett, ìyẹn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ àjèjì, kì í ṣe ẹni tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà. Ní 1884, ìwé àdéhùn ló ń kó kiri kí àwọn ọba àti ìjòyè etí odò lè fọwọ́ sí i, torí òwò epo pupa. Ní 1891, Claude MacDonald dé gẹ́gẹ́ bí kọmíṣánnà àti kọ́ńsùlù àgbà. Ìgbà yẹn ni ìjọba gidi fìdí múlẹ̀ ní Kàlàbá. Ralph Moor rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Southern Nigeria sílẹ̀ ní 1900, Kàlàbá ni olú ìlú, Moor sì ni High Commissioner, aláṣẹ àgbà ibẹ̀.

Gómìnà dà nínú gbogbo èyí? Èkó ti ní gómìnà láti 1862. Ṣùgbọ́n 1906 tí wọ́n pa Èkó àti Southern Nigeria pọ̀, tí Walter Egerton wá di gómìnà gbogbo rẹ̀, ọdún náà gan-an ni olú ìlú ṣí kúrò ní Kàlàbá lọ sí Èkó. Bí oyè ṣe ń dé ni ilé ń bọ́. Ẹ̀rín pa mí lóru ọjọ́ yẹn, èmi nìkan nídìí àtùpà.

Ohun kan tún wà tí kò yé mi. Àwọn ìwé sọ pé ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti gé pákó ilé náà, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá, kí wọ́n tó tò ó pọ̀ sórí òkè. Odidi ilé olókè! Mo bi bàbá káfíńtà àdúgbò wa pé báwo ni ìyẹn ṣe lè ṣeé ṣe. Bàbá wò mí bí ẹni wo ọmọdé. "Ṣé ẹ ò tú bẹ́ẹ̀dì yín rí nígbà tí ẹ ń kó ilé ni?" Gbólóhùn yẹn ni mo gbé sójú ìwé àwọn ọmọ bó ṣe rí.

Ibi tí mo ti pẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ Ọba Ovonramwen ti Bìní. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Bìní ní 1897, Moor tó ń ṣàkóso láti Kàlàbá yìí ló jókòó dá ẹjọ́ ọba. Kàlàbá ni wọ́n sì lé e wá, ibẹ̀ ló wà títí ó fi wàjà ní 1914. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ọ́ tí mo ń pa á rẹ́. Mi ò fẹ́ kí ọmọ tó dúró nínú ilé yẹn, tí ń wo odò láti ojú fèrèsé, rò pé afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀.

Ìyókù kò le. Ní 1959, ìjọba kà á mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 1986, wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí mùsíọ̀mù.

Nígbà tí mo gbé e fún ọ̀gá àgbà, wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín síbi bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì fi bírò pa àkọlé mi, "Ilé Kọ́ńsùlù," rẹ́. Wọ́n kọ "Ilé Gómìnà" sí i. Wọ́n ní àwọn òbí ò mọ kọ́ńsùlù. A fà á títí, mo gbà. Mo kàn bẹ̀bẹ̀ fún ìlà kan sábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà kékeré: ẹni tí wọ́n kọ́ ọ fún kì í ṣe gómìnà.