Travel trailer ni mo mú fún ọ̀nà Chaco Canyon

Irú ilé onítáyà méjì tí ọkọ̀ ń fà ni mo ń yàn láàárín wọn: travel trailer, tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, àti fifth wheel, tí imú rẹ̀ ń gun inú ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Ọ̀nà tó wọ àfonífojì Chaco Canyon ní New Mexico, Amẹ́ríkà, ni mo fi pinnu, torí ibẹ̀ lèmi àtàwọn ọmọ ń fẹ́ lọ sùn. Ìparí ọ̀nà náà kò ní ọ̀dà. Poro wẹ́wẹ́ ló kún un, bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí.

Fifth wheel dára gan-an lórí ọ̀dà. Orí axle ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ló jókòó lé, atẹ́gùn kì í fì í kiri. Ṣùgbọ́n ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ ló ń bọ́ sórí ọkọ̀. Ti travel trailer kì í ju 10 sí 15 lọ. Tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú kòtò, imú fifth wheel lè gbá ẹ̀gbẹ́ bọ́dì píkọ́ọ̀pù. Ibùdó ìpàgọ́ Gallo tó wà ní Chaco kò sì gba ohun tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 35.

Travel trailer kékeré ni mo mú, àmọ́ iṣẹ́ ṣì kù. Nígbà àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣí gbayawu, abọ́ fọ́n sílẹ̀, skúrù ń já bọ́ láti òkè. Mo wọ abẹ́ rẹ̀: bushing oníke (òrùka tí bóòtù ń gbà kọjá) tó wà nídìí spring ti jẹ tán, irin ń ha irin. Mo fi ti idẹ rọ́pò, pẹ̀lú bóòtù tó ṣeé fa gíríìsì sí, mo sì pààrọ̀ irin tó so spring méjèèjì pọ̀ sí èyí tó ní rọ́bà nínú. Ìró náà lọ. Abọ́ kò kúrò nípò mọ́.

Ẹ yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò kí ẹ tó kúrò lórí ọ̀dà. Tí òjò bá rọ̀, ẹ dúró. Amọ̀ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá.