Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó àwo King Gizzard aláwọ̀ jọ, ẹ yé ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí

Ẹni bá fẹ́ràn báǹdì rọ́ọ̀kì King Gizzard & the Lizard Wizard tó sì ní òun máa ní gbogbo àwọ̀ tí àwo orin wọn ní, ìyà ló fẹ́ jẹ ara ẹ̀. Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù.

Melbourne ní Australia ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Ní 2017 nìkan, álíbọ́ọ̀mù márùn-ún ni wọ́n gbé jáde, ìkẹrin ni Polygondwanaland tó jáde ní November, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ṣe, wọ́n tún gbé fáìlì téèyàn fi ń tẹ àwo síta, wọ́n ní ẹni tó bá wù kó lọ tẹ̀ ẹ́ kó sì tà á. Háà! Kíá ni àwọn ilé iṣẹ́ olórin kéékèèké káàkiri ayé gbé e, títí kan àwọn olólùfẹ́ tó dáwó jọ, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọ̀ tiẹ̀ àti páálí tiẹ̀. Ta ló fẹ́ kó ìyẹn tán? Ẹ mú ẹyọ kan tó wù yín, èyí tí wọ́n tẹ̀ nítòsí yín ló dáa jù torí owó ìfiránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì gbàgbé ìyókù.

Ibẹ̀ náà ni àṣìṣe kejì ti ń wá: kéèyàn rí orúkọ ilé iṣẹ́ tí ò mọ̀ rí lára àwo, kó pariwo pé fèèkì ni. Báǹdì yìí ti fi ọ̀pọ̀ orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí ìtàgé sílẹ̀ fáwọn èèyàn láti tẹ̀, ohun tí wọ́n kàn ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn náà kí àwọn rí i tà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo álíbọ́ọ̀mù ni wọ́n yọ̀ǹda báyẹn o, torí náà ẹ wo lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fín sítòsí àárín àwo, kẹ́ ẹ fi wé ohun tó wà lórí Discogs, ìkànnì tí wọ́n ń to àkọsílẹ̀ àwo orin sí, kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ya èyí tẹ́ ẹ rí lójú ìtajà, wọn ò tíì tẹ àwo gan-an. Splatter tí àwọ̀ méjì mẹ́ta ta síra wọn, kò sí méjì tó máa ń jọra, ẹ má lọ máa bá ọlọ́jà jà pé tiyín ò jọ fọ́tò.

Àwọn kan á ní àwo dúdú ló ń dún dáa jù. Irọ́ ni, tàbí ká ní kì í ṣe òótọ́ délẹ̀. PVC, ìyẹn ike tí wọ́n fi ń ṣe àwo, fúnra ẹ̀ ò dúdú, kábọ̀n ni wọ́n ń pò mọ́ ọn tó fi ń dúdú, bí àwo bá máa dún dáa, ọwọ́ ẹni tó tún orin ṣe àti ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ ló wà. Èyí tí mi ò ní gbà kẹ́ni kẹ́ni náwó lé nítorí ohùn ni àwo alátẹ̀wòrán, torí ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo àwòrán yẹn ló ń gbé orin, ariwo sì máa ń wà nínú ẹ̀. Ẹ fi kọ́ ògiri.

Owó wá. Límítẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó máa wọ́n, báǹdì yìí ń tún àwo tẹ̀ dáadáa. Iye tí wọ́n ti ta á rí ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe iye tí ẹnì kan ń pè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tẹ́ ẹ sì ń rà á láti Amẹ́ríkà, ẹ rántí pé VAT, ìyẹn owó orí ọjà, 20% máa lé e lórí.

Ẹ má tò ó léra, ẹ gbé e nàró, ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ń pa. Náílọ̀nù PVC tó nípọn tí wọ́n máa ń kó àwo sí náà, ẹ yọ ọ́ kúrò, ó máa ń fi nǹkan bíi èéfín sára àwo tí kì í fọ̀ kúrò. Náílọ̀nù polyethylene ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í sì í ṣí tiyín, tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀ dọjọ́ iwájú, àwọ̀ tó wà nínú ẹ̀ lè máà jẹ́ èyí tí wọ́n kọ sára sítíkà o, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣí i lọ́jọ́ tó bá dé, kẹ́ ẹ gbọ́ ojú méjèèjì, torí lẹ́yìn ọdún méjì, ọlọ́jà wo ló fẹ́ dá yín lóhùn?