Ẹ má tíì yí dìsìtíríbútọ̀ yẹn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí táímìn ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ ojú omi

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, Yamaha tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló pọ̀ jù, òun sì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ̀ bí ẹní mowó. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo pẹtiróòlù nínú ikùn ọkọ̀ kò pọ̀ rárá. Bí ó bá ti kọṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́: "Ọ̀gá, táímìn ti sá." Táímìn ni àsìkò tí iná púlọ́ọ̀gì ń ta láti ran epo nínú síléńdà. Kí n tó débẹ̀, ẹnìkan á ti tú dìsìtíríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, tí yíyí rẹ̀ ń yí táímìn padà, á ti yí i sọ́tùn-ún sósì, kò sì ní sẹ́ni tó rántí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi ní sísọ lẹ́nu, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, àná ló ṣiṣẹ́ dáadáa, kò jí láàárọ̀ yìí. Ṣé táímìn ni?

Rárá. Ẹ wo bátìrì, ẹ fọ orí rẹ̀, ẹ wo fúùsì. Ẹ da epo inú fílítà sínú ìgò kí ẹ wò ó bóyá omi wà nísàlẹ̀. Epo inú kẹ́ẹ̀gì sábà máa ń lómi.

Ìbéèrè: Dísù ni tèmi. Ṣé ìdáhùn yìí kàn mí?

Kò kàn yín. Dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Inú pọ́ǹpù tó ń fín epo ni táímìn tiẹ̀ wà. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè: A pààrọ̀ wáyà púlọ́ọ̀gì, ó wá ń yìnbọn nínú kàbúrétọ̀.

Ẹ ti gbé wáyà kan sí àyè òmíràn. Bó bá jẹ́ V8 (onísíléńdà mẹ́jọ) ti GM, onílítà 5.7, ètò tí síléńdà fi ń ta iná tẹ̀léra ni 1-8-4-3-6-5-7-2, rótọ̀, ọwọ́ tó ń pín iná nínú dìsìtíríbútọ̀, ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ti onísíléńdà mẹ́rin, lítà 3.0, ni 1-3-4-2. Lórí V8, ẹ kọ́kọ́ wo 5 àti 7: ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà, ara wọn ni wọ́n sì ń tẹ̀lé, ibẹ̀ ni ọwọ́ ti máa ń ṣì. Ẹ má sì jẹ́ kí wáyà àwọn méjèèjì fara kanra, torí iná lè fò látorí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì.

Ìbéèrè: Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé táímìn ni lóòótọ́?

Bí iná bá ń tètè ta jù, ẹ́ńjìnnì á máa ti sítátà padà, á sì máa kan gbànjà-gbànjà bí ẹrù bá wúwo. Bí ó bá ń pẹ́ ta, ọkọ̀ á wúwo, á máa mu epo, ọ̀nà èéfín á gbóná kọjá àlà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe etí la fi ń mọ táímìn. Ẹ wá iná táímìn, tọ́ọ̀ṣì tó ń ṣẹ́jú bí púlọ́ọ̀gì bá ti ta iná, ẹ so ó mọ́ wáyà síléńdà kìíní, kí ẹ fi í wo àmì ara púlì iwájú ẹ́ńjìnnì àti awo nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ọkọ̀ wà nínú omi, kí ẹ so ó mọ́ èbúté, kí jíà wà ní òfo, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ láìsí omi, rọ́bà inú pọ́ǹpù omi á jóná. Kí ẹ tó tàn án rárá, ẹ jẹ́ kí fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ikùn ọkọ̀ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 4 ó kéré tán, kí ẹ sì fi imú yín gbóòórùn ibẹ̀.

Inú ìwé ẹ́ńjìnnì yín ni nọ́ńbà rẹ̀ wà, kì í ṣe lẹ́nu ọmọ iṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ 5.7 oníkàbúrétọ̀, dígírì 8 tàbí 10 ni, kí písítìn tó dé òkè. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Thunderbolt V, ètò iná oníkọ̀ǹpútà ti MerCruiser, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi wáyà aláwọ̀ àlùkò tó nílà funfun kan irin ẹ́ńjìnnì, kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ má bàa máa ti táímìn síwájú sẹ́yìn lójú yín. Ẹ rántí yọ ọ́ lẹ́yìn náà.

Ìbéèrè: Ti àtijọ́ oníkọ́ńtáàtì ni tèmi, táímìn rẹ̀ kì í dúró.

Kọ́ńtáàtì, irin kéékèèké méjì tó ń ṣí tó ń padé nínú dìsìtíríbútọ̀, ló ti jẹ. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àlàfo rẹ̀, kí ẹ tó ṣe táímìn, torí bí àlàfo bá yí, táímìn yí nìyẹn.

Ìbéèrè: Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí kò bá sáré, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kò lágbára.

Ẹ máa wo àmì lábẹ́ iná táímìn bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó sún síwájú. Bí kò bá sún, tí kì í sì í ṣe oníkọ̀ǹpútà, àwọn irin kéékèèké àti sípíríǹgì inú dìsìtíríbútọ̀ ti dípẹtà. Ẹ ṣí i, ẹ fi ọwọ́ yí rótọ̀ díẹ̀ kí ẹ sì fi sílẹ̀; bí kò bá fò padà sáyè rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kán epo díẹ̀ sí i.

Ìbéèrè: Ó ti jẹ tán. Mo rí dìsìtíríbútọ̀ mọ́tò ní Ládípọ̀ tó bá a mu, kò sì wọ́n.

Ẹ má rà á! Dìsìtíríbútọ̀ ọkọ̀ ojú omi ní ohun tó ń dí iná mọ́nú kó má bàa ran òórùn epo. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn epo lọ. Nínú ikùn ọkọ̀, òórùn epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí. Iná kékeré kan péré, ọkọ̀ bú nìyẹn, tèrò tèrò. Bákan náà ni sítátà àti ọ́tánétọ̀. N kò ní bá ẹnikẹ́ni so ti mọ́tò mọ́ ọn, bó ti wù kó bẹ̀ mí tó.

Ìbéèrè: A ti ṣe gbogbo èyí. Iná táímìn ní dígírì 10 gẹ́lẹ́, síbẹ̀ ọkọ̀ kò lè gbéra kó gun orí omi sáré.

Ó kù kí ẹ wádìí bóyá òótọ́ ni àmì yẹn ń sọ. Mo bá ọkọ̀ kan fà á lórí èyí nítòsí ọjà Olúwo, ọkọ̀ tó ń gbé àlejò gba ojú ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì 5.7 tòkunbọ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ kàbúrétọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ kọ́ìlì, wọ́n ti ra púlọ́ọ̀gì tuntun. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Bí èrò bá kún un, imú rẹ̀ á nà sókè, ìdí rẹ̀ á wọ omi, á máa wọ́ lọ tipátipá, rọ́bà páìpù èéfín á sì máa rùn.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Wáyà wà létò. Àmì ń sún bó ṣe yẹ. Mo wá rọra ń yí dìsìtíríbútọ̀ síwájú, ẹ́ńjìnnì sì ń tají sí i, ohùn rẹ̀ ń dán, títí àmì fi kọjá gbogbo nọ́ńbà tó wà lára awo. Ẹ́ńjìnnì tí táímìn rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ ì bá ti máa kàn. Mo dá a padà, mo pa á, mo kọjú sí púlì ńlá iwájú kíráńkì, ọ̀pá tí àwọn písítìn ń yí.

Púlì yẹn kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Irin àárín ló mú kíráńkì, òrùka irin tó wúwo wà níta, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló so wọ́n pọ̀ kó lè máa gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì mọ́ra. Ara òrùka ìta ni àmì wà. Bí ooru, ọ́ìlì àti omi ìdí ọkọ̀ bá ti jẹ rọ́bà náà, òrùka á yọ̀ sẹ́yìn, àmì á bá a lọ.

Mo yọ wáyà bátìrì, mo tú gbogbo púlọ́ọ̀gì. Mo fọ́ tánganran inú púlọ́ọ̀gì àlòkù kan, mo ki irin gígùn tí mo ti pọ́n lórí gba inú rẹ̀, mo sì dè é sí ojú ihò síléńdà kìíní kó lè dá písítìn dúró. Sípánà ni mo fi yí kíráńkì, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá fi sítátà yí i á lu písítìn. Nígbà tí písítìn kan irin, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára òrùka níwájú òdo ara awo. Mo yí i padà sódìkejì títí ó fi tún kàn án, mo tún sàmì. Àárín gbùngbùn àmì méjèèjì ni òkè písítìn lóòótọ́. Àmì tí wọ́n gé sára púlì sì wà ní ibòmíràn, ó lé ní sẹ̀ǹtímítà 2 síbẹ̀. Lórí púlì yẹn, ìyẹn ju dígírì 10 lọ. Nígbà tí iná táímìn ń sọ 10, písítìn ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí iná tó ta.

Ẹni tó ni ọkọ̀ ní ká kàn fi ọ̀dà sàmì tuntun. Mo kọ̀. Òrùka tó ti yọ̀ lẹ́ẹ̀kan á tún yọ̀, ó sì lè já fò. Púlì tuntun la rà, èyí tó bá ẹ́ńjìnnì náà mu gan-an, torí àmì púlì ọdún kan kì í bá awo ọdún mìíràn dọ́gba. Irin àárín la fi ń fà á yọ, kì í ṣe òrùka ìta. Irinṣẹ́ onísíkúrù la sì fi ń tì í wọlé, kì í ṣe òòlù. A ṣe táímìn sí 10, èrò kún un, ó sì gun orí omi.

Ẹ̀yin náà lè dá èyí wò: ẹ fa ìlà ọ̀dà funfun kan láti irin àárín, kó gba orí rọ́bà, dé òrùka ìta. Ẹ máa lo ọkọ̀ yín lọ. Lọ́jọ́ tí ìlà náà bá já sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, púlì yín ti ń yọ̀.

Ìbéèrè: Púlì dáa, a sì dè é pinpin, ṣùgbọ́n àmì ń jó síwájú sẹ́yìn lábẹ́ iná.

Ẹ ṣí orí dìsìtíríbútọ̀, ẹ fi sípánà yí kíráńkì títí rótọ̀ á fi mira, kí ẹ wá yí i padà. Bí kíráńkì bá rìn tó dígírì 10 kí rótọ̀ tó dáhùn, ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì, tó ń gbé yíyí kíráńkì dé ọ̀dọ̀ dìsìtíríbútọ̀, ti dẹ̀. Ibí ni kí ẹ ti jáwọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, a ní láti gbé ẹ́ńjìnnì jáde kúrò nínú ọkọ̀ ká tó lè pààrọ̀ ṣéènì. Ẹ pe ẹni tó ti ṣe é rí, ẹ má tú nǹkan kan kó tó dé, kí ẹ sì kọ ohun tí iná táímìn sọ àti ibi tí dìsìtíríbútọ̀ wà sílẹ̀ dè é.