Ẹ̀rọ Ìrin Ẹ̀gẹ́ Mẹ́jọ: Bí Ẹ Ó Ṣe Dá Owó Iṣẹ́ Lé Wọn

Ẹ̀yin ajórin, bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá ní kí ẹ ṣe ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ mẹ́jọ, ẹ má fi wákàtí tí àkọ́kọ́ gbà ṣírò gbogbo rẹ̀. Ẹ má sì fi ti ìkẹyìn ṣe é. Bí iṣẹ́ ṣe ń mọ́ni lọ́wọ́ ni àkókò rẹ̀ ń dín kù, ìdínkù yìí sì ní òdiwọ̀n. T. P. Wright kíyè sí i nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1936: ìgbàkígbà tí iye tí a ti ṣe bá di ìlọ́po méjì, àkókò iṣẹ́ ọwọ́ a máa dín kù ní ìdá kan náà.

Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe jù, ìdá 80 nínú 100 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò: bí iye bá di ìlọ́po méjì, àkókò ẹyọ tuntun á jẹ́ 80 nínú 100 ti ìṣáájú. Èyí tí ẹ̀rọ ń ṣe jù ń tó 90, torí eré ẹ̀rọ kì í kúrò lójú kan.

Ká ní àkọ́kọ́ gba wákàtí 20. Ìkejì á gba 16, ìkẹrin 12.8, ìkẹjọ 10.2. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á máa yọ ìdá 20 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìkẹta á gba 14. Ìkarùn-ún dé ìkeje á gba 11.9, 11.2 àti 10.7. Àpapọ̀ jẹ́ nǹkan bí wákàtí 107.

Bí wákàtí kan bá jẹ́ ₦1,500, owó iṣẹ́ jẹ́ ₦160,500. Ẹni tó fi ti àkọ́kọ́ ṣírò á pe ₦240,000, oníbàárà á sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì. Ẹni tó fi ti ìkẹjọ ṣírò á pe ₦122,400, á sì pàdánù ₦38,100. Owó irin, béárìn àti bẹ́líìtì kò sí níbẹ̀. Ẹ ṣírò ìyẹn lọ́tọ̀, torí mímọ́ tí iṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ kò sọ irin di ọ̀pọ̀.

Ẹ má gba 80 gbọ́ láìwọ̀n ọ́n. Ẹ kọ aago ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí sínú ìwé: gígé irin, jíjó férémù, dídá ihò sí páànù ìrin. Ẹ yọ ìgbà tí iná lọ kúrò. Kí ẹ wá fi àkókò ìkejì pín ti ìkẹrin; ohun tó bá jáde ni ìdá tiyín. Wíwọ̀n àti títún-un-ṣe máa ń pọ̀ jù lára àkọ́kọ́, ó lè tan yín jẹ. Ẹ wo páànù yẹn: lórí àkọ́kọ́, rúlà àti ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń wá ojú ihò níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kan ìṣó. Nígbà tó bá fi máa di ìkẹrin, wọ́n á ti gé páálí tó ní ojú ihò, wọ́n á kàn gbé e lé e ni. Bí ẹ bá gé páálí yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àkọ́kọ́ á yá, ṣùgbọ́n ìdínkù tó kù kò ní tó 20.

Bí ẹ bá pa iṣẹ́ tì fún oṣù mélòó kan, tàbí tí ọmọṣẹ́ tuntun dé, ọwọ́ á tún wúwo. Ẹ wọn ẹyọ àkọ́kọ́ tí ẹ padà ṣe. Bó bá gba wákàtí 14, ipò ìkẹta lẹ wà, kì í ṣe ìkẹsàn-án. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tuntun.