Omi àti Oúnjẹ Tòmátì Inú Àpò: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Fọwọ́ Bomi Rin Kókópíìtì

Àdánù ló mú kí a kọ ìwé kékeré yìí. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti kó tòmátì àti ata ròdo kúrò lórí ilẹ̀ lọ sínú àpò, nítorí àrùn inú ilẹ̀ tó máa ń mú tòmátì rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù minimini, tí oògùn tí a ń fọ́n sórí ewé kò sì ràn rárá. Ìpinnu náà dára, torí pé kókópíìtì, ìyẹn ìyẹ̀fun èèpo àgbọn, kì í bá àrùn náà wá láti oko. Ohun tí kò dára ni pé wọ́n kó ìwà oko tẹ̀ lé ara wọn wọ inú àpò. Ní gbogbo ibi tí mo yà sí ní apá Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn, àṣìṣe kan náà ni mò ń bá: omi lásán ni wọ́n ń bù sí i láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tó bá sì di ọjọ́ Àìkú, wọ́n á po ajílẹ̀ tó le koko, wọ́n á dà á sí i, ọkàn wọn á wá balẹ̀ pé àwọn ti bọ́ ọ yó.

Ilẹ̀ ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, nítorí ilẹ̀ a máa tọ́jú oúnjẹ pamọ́ de ohun ọ̀gbìn. Kókópíìtì kò ní oúnjẹ tirẹ̀ tí yóò fún tòmátì, díẹ̀ péré ló sì lè bá a tọ́jú. Omi lásán tí ẹ bá bù sí i láàárọ̀ yìí ti fọ oúnjẹ àná jáde. Nítorí náà, gbogbo omi tó bá máa kan kókópíìtì láti ọjọ́ tí ẹ ti gbin nǹkan sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní oúnjẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa bù ú títí díẹ̀ yóò fi ṣàn jáde nísàlẹ̀ àpò. Ohun tí ìwé yìí fẹ́ sọ nìyẹn. N kò ní í sọ bí a ṣe ń tọ́ èhù tàbí bí a ṣe ń so tòmátì mọ́ okùn, torí pé ẹ ti mọ èyí. Àpò kò sì gba tòmátì lọ́wọ́ kòkòrò tí àwọn èèyàn sọ ní Ẹ́bólà Tòmátì, èyí tó ba oko jẹ́ gidigidi ní ìpínlẹ̀ Kàdúná lọ́dún 2016; ọ̀rọ̀ ìyẹn yàtọ̀.

Kí ẹ tó gbin ohunkóhun sí i

Kókópíìtì tí wọ́n dì bí búlọ́ọ̀kù, tó wúwo tó kílò 5, máa ń mu nǹkan bí lítà 30 omi, yóò sì wú títí yóò fi tó lítà 70. Ìyẹn kún àpò márùn-ún tó ń gba lítà 14 níkọ̀ọ̀kan, igi tòmátì kan sí àpò kan. Ìdílé tó bá ní àyè fún àpò márùn-ún lẹ́yìnkùlé kò nílò ju búlọ́ọ̀kù kan lọ. Kí ẹ lu ihò mẹ́fà sí mẹ́jọ sí ìdí àpò, kí ẹ sì gbé e lé orí òkúta tàbí pákó, kí ìdí rẹ̀ má baà jókòó sínú omi tó ti ṣàn jáde.

Iyọ̀ wà nínú èèpo àgbọn, pàápàá èyí tó bá wá láti etí òkun bí Àgbádárìgì. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kí omi ọ̀kọ̀ọ̀kan ro dáadáa kí ẹ tó da òmíràn sí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ po gíráàmù 100 calcium nitrate, ìyẹn ajílẹ̀ tó ní kálísíọ̀mù nínú, mọ́ lítà 30 omi, ẹ dà á sí ohun tó jáde láti inú búlọ́ọ̀kù kan, kí ó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ìgbésẹ̀ ti calcium nitrate yìí torí pé omi tó ń jáde ti mọ́ lójú wọn. Kókópíìtì tí kò bá tíì mu kálísíọ̀mù yó yóò máa já a gbà mọ́ tòmátì lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó gbìn ín ni yóò sì jìyà rẹ̀ nígbà tí èso bá yọ. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ EC, ìyẹn èyí tó ń wọn iyọ̀ inú omi, tí ẹ lè fi mọ̀ bóyá iyọ̀ ti kúrò (kí ó má ju 0.8 mS/cm lọ nínú omi ìfọ̀kẹyìn), ẹ gbin hóró àgbàdo mẹ́wàá sínú díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ewé wọn bá jó létí kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, ẹ padà lọ fọ̀ ọ́.

Pípo oúnjẹ náà

Korobá ọ̀dà lítà 20 ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n omi, kí ẹ sì ra ìwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù. Mo mọ̀ pé ṣíbí wà nílé gbogbo ènìyàn. Ṣíbí ìdáná kan tó kún fún iyọ̀ Epsom (magnesium sulphate) kò wúwo bákan náà pẹ̀lú ṣíbí kan tó kún fún calcium nitrate, bẹ́ẹ̀ sì ni ṣíbí tèmi kọ́ ni ṣíbí tiyín.

Láti ọjọ́ tí èhù bá wọ inú àpò títí di òpin ọ̀sẹ̀ kejì, korobá kan yóò gba calcium nitrate gíráàmù 7, ajílẹ̀ NPK 20-20-20 tó ń yọ́ sínú omi gíráàmù 5, àti iyọ̀ Epsom gíráàmù 4. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta títí òdòdó àkọ́kọ́ yóò fi yọ, ẹ sọ ìwọ̀n náà di ìlọ́po méjì, ìyẹn 14, 10 àti 8. Tí òdòdó bá ti yọ, ẹ fi NPK 20-20-20 sílẹ̀, kí ẹ mú 12-12-36 gíráàmù 20 dípò rẹ̀, kí calcium nitrate dúró sí 14, kí iyọ̀ Epsom sì dúró sí 8. Ata ròdo kì í jẹun tó tòmátì; gíráàmù 16 ti 12-12-36 tó fún un. Kí ẹ yan irú NPK tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ pé àwọn èròjà kékeré bí irin àti síńkì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ EC yóò rí i pé ìpele kejì yìí ń lọ sí nǹkan bí 1.5, ìpele kẹta sì ń lọ sí nǹkan bí 2.2, láìka ohun tó ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀. Kí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí, wà láàárín 5.8 sí 6.2. Omi bọ́ọ̀hóò ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó ti kan tẹ́lẹ̀, nítorí náà, kí ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó da ásíìdì kankan sí i.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú korobá. Ẹ yọ́ calcium nitrate lọ́tọ̀ nínú abọ́ kan, kí ẹ dà á sínú korobá, kí ẹ rò ó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ́ NPK àti iyọ̀ Epsom nínú abọ́ mìíràn, kí ẹ dà á lé e. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀ ní gbígbẹ tàbí nínú omi kékeré, yóò di funfun bí omi ẹfun, ohun tó sì rọ̀ sí ìdí korobá yẹn ni oúnjẹ tí ẹ fowó rà, tòmátì kò sì ní í rí i jẹ mọ́. Ohun tí ẹ bá pò lónìí ni kí ẹ lò lónìí.

N kò fẹ́ tún bá ìgbẹ́ adìẹ nínú kókópíìtì mọ́. Mi ò fẹ́ bá NPK 15-15-15 oníhóró náà níbẹ̀, èyí tí a ń fọ́n sí ìdí àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ bá yúríà. Oúnjẹ oko ni wọ́n. Nínú àpò lítà 14, ẹ̀kúnwọ́ kan ìgbẹ́ adìẹ tó láti jó gbòǹgbò, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ iye iyọ̀ tí ẹ ti kó sínú rẹ̀.

Bíbù ú

Kí èhù tó wọ inú àpò, ẹ fi oúnjẹ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rin gbogbo kókópíìtì náà gbingbin títí yóò fi máa ṣàn nísàlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mìlílítà 200 lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ tó. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, yóò ti tó ìdajì lítà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ ìdajì lítà, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò ní ohun tí òun fi máa wọ̀n ọ́n. Tòmátì tó ti ru èso nínú ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gba lítà kan àbọ̀ sí méjì lóòjọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: bí agogo méje àbọ̀ àárọ̀, bí agogo mọ́kànlá àbọ̀, àti bí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Nígbà ọyẹ́, ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ẹ rọra bù ú yíká etí àpò, kí ó má jẹ́ ìdí igi nìkan ni yóò máa gbà á. Ẹ bu ìdajì, ẹ lọ sí àpò mìíràn, ẹ padà wá bu ìyókù lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, torí pé kókópíìtì tó ti gbẹ díẹ̀ máa ń jẹ́ kí omi gba ojú kan ṣoṣo kọjá. Ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ sábẹ́ àpò kan nínú mẹ́wàá, kí ẹ wo ohun tó jáde. Nínú ìdajì lítà tí ẹ bù, ó yẹ kí ẹ rí mìlílítà 50 sí 100 nínú àwo náà. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, iyọ̀ ń gbá jọ nínú àpò yẹn bí ẹ ṣe ń wò ó. Kí ẹ má ṣe tún omi inú àwo bù padà sínú àpò. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ máa dà á sí, inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ á dùn sí i.

Ojú kókópíìtì máa ń tètè gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣí, nígbà tí inú ṣì tutù. Èyí sì máa ń tan àwọn kan. Àwọn mìíràn ń dúró kí ewé kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ bíi ti oko. Kí ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ tó jìn tó ìka mẹ́rin, kí ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un mọ́wọ́. Bí omi bá kán lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ìka yín, ó dára. Bí kò bá kán rárá, ẹ ti pẹ́ jù. Ẹni tó ti ń ṣe é fún oṣù méjì kò nílò èyí mọ́, torí pé bó bá fọwọ́ gbé etí àpò sókè díẹ̀, yóò ti mọ̀ nínú ìwúwo rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ dín iye ìgbà tí ẹ ń bù ú kù, kí ẹ má ṣe la oúnjẹ náà. Bí òjò bá rọ̀ sí àpò tó wà níta gbangba títí omi fi ṣàn nísàlẹ̀, ó ti fọ oúnjẹ lọ nìyẹn, ohun àkọ́kọ́ tí àpò náà gbọ́dọ̀ gbà lẹ́yìn òjò ni oúnjẹ tó pé. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe ènìyàn bíi pé tòmátì ti mumi yó. Ó ti mumi, kò tíì jẹun.

Nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́

Màmá kan mú mi lọ síbi àpò rẹ̀ ní ọ̀sán kan. Mo fi èékánná ha etí ọ̀kan, ohun funfun kan sì bó sí mi lọ́wọ́ bí iyọ̀ tó gbẹ sí etí ìkòkò ọbẹ̀. Wọ́n ní àwọn rò pé ó bu ni, àwọn sì ti ń fọ́n oògùn sí i láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ewé ìsàlẹ̀ ti jó létí, èyí tó wà lókè sì ń ká kò. Ajílẹ̀ ọjọ́ Àìkú ló gbá jọ síbẹ̀, tí kò rí ọ̀nà jáde.

Ẹ má ṣe fi omi lásán lé irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ po oúnjẹ ìdajì ìwọ̀n, irú ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹ rọra bu lítà 15 sí 20 sínú àpò kan láàárín wákàtí kan, kí gbogbo rẹ̀ máa ṣàn jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ padà sí ìwọ̀n tó yẹ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ EC kò ní í jẹ́ kó dé ibẹ̀ rárá: bí ohun tó ń jáde bá fi 1.0 ju ohun tó wọlé lọ, kí ó fi kún omi tí ó ń bù, títí ìyàtọ̀ náà yóò fi wálẹ̀.

Ìdí tòmátì tó dúdú, tó sì rì wọnú bí ẹni fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe àrùn, ẹ sì ń fi owó oògùn ṣòfò lórí rẹ̀. Kálísíọ̀mù ni kò dé ibẹ̀, yálà torí pé ẹ kò fi calcium nitrate rin kókópíìtì kí ẹ tó gbìn, tàbí torí pé ẹ jẹ́ kí àpò gbẹ lọ́sàn-án kan kí ẹ tó wá rọ omi lé e. Èso tó bá ti dúdú kò ní í padà mọ́. Ẹ já a sọnù, kí ẹ tún ìgbà tí ẹ ń bomi ṣe, èyí tó bá so lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì jáde dáadáa.

Tí ẹ bá kórè tán, ẹ lè lo kókópíìtì náà fún ìgbà kejì tí igi kankan kò bá rọ nínú rẹ̀: ẹ ṣa gbòǹgbò kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún fi calcium nitrate rin ín bíi ti àkọ́kọ́. Èyí tí igi rọ nínú rẹ̀, kí ẹ gbé e jìnnà sí oko.

Ẹ di calcium nitrate tó bá ṣẹ́kù sínú ike tó ní ìdérí tó le. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa máa ń sọ ọ́ di rẹ̀kẹ̀tẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi tó sì ti fà mọ́ra wà lára ohun tí ìwọ̀n yín ń kà, tó fi jẹ́ pé gíráàmù 14 tí ẹ rò pé ẹ bù kò pé 14 mọ́.