Bí nọ́ọ̀sì ṣe lè yẹ aláìsàn ọpọlọ wò ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láì fi àṣà pe àìsàn

Kí ẹ tó ṣí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Faransé níwájú aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn tó mú un wá, kí ẹ sì bi wọ́n ní orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń pe ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó ní ọdẹ orí yóò sọ fún yín pé nǹkan ń rìn nínú orí òun bí kòkòrò, pé orí ń gbóná, pé àyà òun sì ń já. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orí fífọ́ ni mo kọ fún ìyá kan tó sọ bẹ́ẹ̀, mo fún un ní parasẹtamọ́ọ̀lù, mo ní kó máa lọ. Nígbà tí wọ́n fi gbé e padà, kò jẹun mọ́, kò sì sùn. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ aláìsàn gan-an ni mo máa ń kọ sílẹ̀ ní Yorùbá kí n tó wá ti Faransé tó bá a mu.

Ẹ gbọ́ ti ẹbí tán, kí ẹ wá rọra ní kí wọ́n bọ́ síta díẹ̀, nítorí pé ìyàwó ilé kì í tú inú rẹ̀ síta níwájú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọkọ.

Ibi tó le jù ni ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ní ìlú tí a ti ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi tu àwọn ìyá wa lójú, kì í ṣe àìsàn kí ènìyàn sọ pé ayé ń bínú sí òun. Ẹ bi àwọn tó ń bá a gbé bóyá ọ̀rọ̀ náà ya àwọn pàápàá lẹ́nu, bóyá ó sì ti ń dí iṣẹ́, oorun àti oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àjẹ́ ni òun, pé òun ló pa àwọn ọmọ òun, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le a máa mú kí ènìyàn di ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ ru ara rẹ̀; ó lè pa ara rẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì lè ṣe é léṣe. Ẹ béèrè láì fi pamọ́: «Ìyá, ṣé ó ti ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ gba ẹ̀mí ara yín?» Ìbéèrè yìí kì í ti ènìyàn sínú rẹ̀. Bí ọkùnrin tó wọ gbèsè bá sì sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ẹ má ṣe kà á sí òwe lásán. Ẹ ní kí ẹbí kó oògùn tí wọ́n ń fín sóko kúrò nílé lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ béèrè ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, láì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Asofẹ́yẹjẹ, igi tí àwọn onísègùn ń lò fún wèrè, ní reserpine nínú: ó ń mú ara rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, bí ẹ bá sì fi chlorpromazine, oògùn ọpọlọ ti ilé ìwòsàn, lé e, aláìsàn lè ṣubú bó bá dìde. Ẹ wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ìjókòó àti ní ìdúró. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ kí onísègùn náà nílé. Èmi kì í bá wọn jiyàn lórí ètùtù; lórí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti ẹgba nìkan ni n kì í gbà.

Ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, ní Abẹ́òkúta, wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwa náà nílò ẹnì kan ṣoṣo nílé tí yóò máa tọ́jú oògùn, kì í ṣe gbogbo agbo ilé. Bí abẹ́rẹ́ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 28, ẹ má ṣe kọ déètì nìkan fún ìyá àgbà tí kò mọ̀wé: ẹ ní bí ọjà ọrọọrún bá ti ná lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n máa bọ̀.

Ẹ sì kìlọ̀ fún wọn ṣáájú pé haloperidol, tí òun náà jẹ́ oògùn ọpọlọ, lè mú kí ọrùn yí tàbí kí àgbọ̀n le. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ayé ni wọn yóò tún sọ pé ó ń ṣe é. Kí wọ́n gbé e wá kíá, abẹ́rẹ́ wà tó ń tú u.